Owó tí a kò dárúkọ ló ń ba ìfẹ́ jẹ́

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó á ti rí i kà, nítorí àwọn gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn òbí wọn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin wa, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sábẹ̀ẹ́: ṣé èèyàn lè nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan dénú kó sì tún dá dúró láyè ara rẹ̀? Ọmọbìnrin tó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà Ouando ń bẹ̀rù pé bí òun bá wọlé ọkọ, òun á di ẹni tí ń tọrọ owó ata. Ọmọkùnrin tí ń fi ọ̀kadà gbé èrò ń bẹ̀rù pé bí ìyàwó bá lówó ju òun lọ, ẹnu òun ò ní ká ilé mọ́. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbà, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé níbi tí ìfẹ́ bá wà, kò sí tèmi, kò sí tìẹ. Mo ta ko ìdáhùn yìí pátápátá. Kò bá àṣà àwọn bàbá wa mu, kò bá òfin ilẹ̀ Benin mu, òun gan-an ló sì ń tú ọ̀pọ̀ ilé ká.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àṣà. Láyé àwọn bàbá wa, àpò ọkọ àti àpò ìyàwó kì í ṣe àpò kan náà. Ọkọ tó lágbára á wá owó òkòwò fún ìyàwó lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e wọlé, kó lè máa tà kó máa rà, èrè tó bá sì ti ibẹ̀ jáde, ti obìnrin ni. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pín ẹrù rẹ̀, ọkọ kì í bá wọn dá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá ọkọ ló ń jogún. Bí wọ́n bá ń kí obìnrin nílé ọkọ, oríkì tó gbé ti ilé bàbá rẹ̀ wá ni wọ́n fi ń kì í títí ọjọ́ ikú. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀ ọkọ. Ní Kétu níbí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, ọkùnrin ló ń gbé ère lórí tó ń jó láti fi júbà àwọn ìyá. Ìlú tó ń ṣe irú èyí ò yẹ kó máa kọ́ ọmọ pé agbára obìnrin ń ba ilé jẹ́.

Òfin ìjọba náà ò jìnnà sí èyí. Òfin ẹbí ilẹ̀ wa, Loi n° 2002-07, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé bí tọkọtaya ò bá yan ètò mìíràn, «séparation de biens» ni ètò dúkìá wọn: ohun tí kálukú ní kó tó wọlé, tirẹ̀ ni, ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí lẹ́yìn náà, tirẹ̀ ni. Tọkọtaya tó bá fẹ́ kó dúkìá wọn pọ̀ ni yóò la ẹnu sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Òfin yẹn kan náà ló ní kí kálukú máa dá owó ilé gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, ló sì sọ pé owó orí ìyàwó jẹ́ ohun àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe iye tí a fi ra èèyàn. Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀: ìwé Coutumier du Dahomey tí àwọn Faransé kọ jọ ní 1931 ka obìnrin mọ́ ara ẹrù ọkọ. Ìwé yẹn kò lágbára mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìdáàná dára, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí níyì, síbẹ̀ ẹni tí kò bá dé mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó lófin, òfin ò mọ̀ ọ́n sí ọkọ tàbí aya. Gbogbo ààbò tí mo kà sílẹ̀ yìí kò kàn án. Ọjọ́ tí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé ni ojú ń là, ó sì ti pẹ́ jù.

Níbo wá ni ìjà ti ń wá, nígbà tí àṣà àti òfin ti fún kálukú ní àyè tirẹ̀? Ohun tí ẹni tó bá ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé ń rí lemọ́lemọ́ ni owó tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì láìní orúkọ. Owó tí ń lọ láàárín olólùfẹ́ méjì, mẹ́ta péré ni ó lè jẹ́: ẹ̀bùn ni, owó yíyá ni, tàbí ìpín owó ilé. Bí ọkùnrin bá ní, «Bá mi wá ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀, ọ̀kadà mi dúró sọ́dọ̀ mẹkáníìkì,» tí obìnrin sì fún un, owó yíyá lobìnrin kà á sí. Ọkùnrin kà á sí ìpín ilé, nítorí ọ̀kadà ló ń bọ́ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá bí wọn nínú, owó náà á jáde, obìnrin á ní jẹgúdújẹrá lọkọ òun, ọkọ á ní ìyàwó òun ń ṣírò ìfẹ́. Wọn ò purọ́ mọ́ ara wọn o. Owó kan náà ni wọ́n sọ ní orúkọ méjì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí owó bá ń kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ dárúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ yíyá, ẹ kọ iye, ọjọ́, àti ìgbà tí yóò padà sínú ìwé kékeré kan tí ẹ̀yin méjèèjì lè ṣí wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ sọ ọ́ síta pé ẹ̀bùn ni, kí ẹ má sì mẹ́nu bà á mọ́ láyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe àwọn obìnrin Kétu lọ́ṣẹ́ jù ni ìdí gààrí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé bí kílò márùn-ún ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di gààrí kílò kan, lẹ́yìn tí a bá ti bó o, tí a rìn ín, tí a fún un, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án. Ká sọ pé ẹnì kan ra ẹ̀gẹ́ tó fún un ní gààrí ọgọ́rùn-ún kílò. Nínú rẹ̀ ló ti máa yọ owó ẹ̀gẹ́, owó àwọn tó bá a bó o, owó ẹ̀rọ, owó igi, owó àpò àti owó ọkọ̀. Bí èrè tó kù bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọjà dáa nìyẹn. Wàyí o, ká ní nínú ọgọ́rùn-ún kílò yẹn, ó bu kílò mẹ́rin fún oúnjẹ ilé, ó fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ, àbúrò ọkọ tó wá kí wọn náà sì di mẹ́ta lọ. Kílò mẹ́wàá ti lọ. Èrè ọjà náà nìyẹn, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò jí i, wọn ò jà á lólè, kò sì ná an síta. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jà kejì, tó sì tún fi ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì inú owó ọjà ra òògùn ọmọ, ẹ̀gẹ́ tó máa lè rà lọ́jà kẹta á dín kù. Tó bá di ọjà karùn-ún, àwìn ló ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, iye tí àgbẹ̀ bá sì pè fún ẹ̀gẹ́ àwìn kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á fún olówó lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni òkòwò ti ń kú. Ọkọ tí kò mọ bó ṣe kú á wò ó pé, «Òwò rẹ yìí ò mérè wá, kúkú jókòó sílé.» Obìnrin á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ata, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn á sì yí padà.

Kí a má rò pé àìfẹ́ni ló fà á. Ìfẹ́ ló fi ń bu gààrí. Ohun tí kò ṣe ni pé kò ta á fún ilé. Bí gààrí bá ń wọlé, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní iye tó ná a, kì í ṣe iye tó ń tà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé. Bó bá ti ju ìpín rẹ̀ lọ, kí àpò ilé san ìyókù padà fún un. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ, àpò ọkọ ló yẹ kó san án, àyàfi bí ìyàwó bá sọ fúnra rẹ̀ pé òun fi ṣe ẹ̀bùn. Kí ó ní agolo mẹ́ta: ọ̀kan fún owó ọjà, ọ̀kan fún èrè, ọ̀kan fún ilé. Agolo owó ọjà, a kì í bu nínú rẹ̀ fún ohunkóhun tí kì í ṣe ọjà, ì báà jẹ́ àìsàn. Àìsàn ni a ń tọ́jú èrè sí.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé obìnrin nìkan ni mo ń gbèjà. Obìnrin tó bá rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún fráǹkì lápò ọlọ́kadà lálẹ́ rò pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló pa. Bóyá ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ sí méjì nínú rẹ̀ ni epo tí yóò fi jáde lọ́la. Bí ọ̀kadà bá jẹ́ èyí tó ń san díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, owó ọlọ́kọ̀ wà nínú rẹ̀, bí kò bá sì pé ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti táyà ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè má ku ju ẹgbẹ̀rún kan lọ tó jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Ìyàwó tó bá ń tú àpò ọkọ lálẹ́ tó sì ń yọ níbẹ̀, òkòwò lòun náà ń pa, bí gààrí bíbu ṣe ń pa òkòwò obìnrin gẹ́lẹ́. Kí ọkùnrin jókòó, kó fi han ìyàwó bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò fẹ́ ṣe é nítorí ojú ń tì wọ́n pé owó náà kéré, wọ́n sì fẹ́ kí aya máa rò pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ń fa ìfura tí ojútì yẹn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó ilé, ẹ má pín in ní dọ́gba bí agbára yín ò bá dọ́gba. Bí ẹnì kan bá ń gba ẹgbẹ̀rún 90 lóṣù, tí ẹnì kejì ń rí ẹgbẹ̀rún 45, tí ilé sì ń ná ẹgbẹ̀rún 60, kí ẹni àkọ́kọ́ dá 40, kí ẹnì kejì dá 20. Kálukú á ṣẹ́ku èyí tó máa fi ṣe tara rẹ̀, wọn ò sì ní bi í. Fún àwọn tí owó wọn ń wọlé lójoojúmọ́, tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n má dá iye, kí wọ́n dá ìdá: ká sọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ohun tó kù lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí èrò ò sí, owó tí yóò dá á kéré, kò sì ní jẹ gbèsè. Iṣẹ́ ilé ńkọ́? Ẹni tó ń pọnmi, tó ń dáná, tó ń wẹ ọmọ, tó sì tún ń lọ sọ́jà, ìdá ló ń dá yẹn náà. Mo gbà pé ó yẹ kí ìpín owó rẹ̀ dín kù nítorí rẹ̀, tàbí kí ọkọ gba apá kan nínú iṣẹ́ náà ṣe. Omi kì í béèrè pé ṣé ọkùnrin ló pọn òun.

Ọ̀rọ̀ àjọ àti fóònù tún ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Lórí àjọ, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnì kejì mọ̀ pé o ń dá a, kó mọ olórí àjọ, kó sì mọ ọjọ́ tí o máa ń san. Iye tí o ń dá lè jẹ́ tìrẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àìsàn bá dá ọ dúbúlẹ̀ láàárín, tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ìdá rẹ á gé, o sì lè pàdánù ipò rẹ nínú gbígbà. Àwọn obìnrin kan ń pa àjọ mọ́ nítorí pé ọkọ tó bá ti mọ ọjọ́ kíkó máa ń ti ní ìnáwó kan nílẹ̀ dè é. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ohun tí àjọ náà wà fún lé e lórí kí ọjọ́ tó pé: «Owó ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni mo ń dá yìí.» Owó tó ti ní iṣẹ́ ṣòro láti fà kúrò lọ́nà. Lórí fóònù, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ Mobile Money jẹ́ ti ẹni tó ni ín, ìfẹ́ ò sọ pé kí a fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀: bí ó bá jẹ́ ìwé ìdánimọ̀ ọkọ ni wọ́n fi forúkọ káàdì fóònù rẹ sílẹ̀, òun ni iléeṣẹ́ fóònù mọ̀. Bí fóònù bá sọnù, òun nìkan ló lè lọ gba nọ́ńbà náà padà, pẹ̀lú owó tó wà lórí rẹ̀. Kí olúkúlùkù lọ gba CIP, ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀, lọ́dọ̀ ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ èèyàn, kó sì fi forúkọ nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ràn aya rẹ̀ lè bá a lọ.

Ilé kíkọ́ ló burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí owó tó ń wọ ibẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè padà. Àwọn méjèèjì á máa dá owó sìmẹ́ǹtì, irin àti páánù fún ọdún mẹ́wàá, lórí ilẹ̀ tí bàbá ọkọ gé fún ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni. Ìyàwó kò sí nínú ìwé kankan, nígbà mìíràn ọkọ gan-an ò sí. Bí ọkọ bá kú, àwọn ẹbí á ní ilé àwọn ni, wọn ò sì jẹ̀bi tán, torí ìwé tó wà nílẹ̀ gbè wọ́n. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n tó kó búlọ́ọ̀kù kan sórí ilẹ̀ ẹbí, kí ọkọ pe olórí ẹbí àti àwọn àbúrò, kí wọ́n fi ìwé fún un pé apá ibẹ̀ ti di tirẹ̀, kó sì gbé e lọ sí mérì láti gba ìwé tí à ń pè ní ADC, èyí tó ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà àṣà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ rírà, kí orúkọ àwọn méjèèjì wọ ìwé àdéhùn ìtajà bí àwọn méjèèjì bá dáwó, kí wọ́n sì kọ ìdá kálukú síbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 2013, Loi n° 2013-01, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ti jẹ́ ká mọ̀ pé titre foncier ni ìwé ilẹ̀ tó lágbára jù, ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń ṣe é. Ó ń náni lówó, ṣùgbọ́n kò tó iye ilé. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti ti irin, kí ẹni tó sanwó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu fèrèsé. Bí ọkọ bá bínú sí èyí, kí ìyàwó bi í ní ìbéèrè kan: «Ta lo rò pé yóò lé àwọn ọmọ rẹ jáde, èmi ni àbí àwọn àbúrò rẹ?»

A rí ànfààní àpò méjì nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ilé tí tọkọtaya ti kó gbogbo owó wọn pọ̀ sórí ọjà kan ṣoṣo tó ń gba ẹnubodè kọjá, ọjọ́ kan náà ni ọwọ́ wọn méjèèjì dá. Níbi tí ọkọ ti ń ṣòwò ẹnubodè tí ìyàwó sì ń ta gààrí tàbí epo pupa láàárín ìlú, apá kan dúró, apá kejì ń mí. Bí wọ́n bá dá òwò wọn pọ̀ nítorí ìfẹ́, ìfẹ́ náà ni ìyà á jẹ.

Owó nìkan kọ́ ni òmìnira. Àkókò wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ìsinmi wà níbẹ̀. Obìnrin tí ń lọ ra ọjà ní Dantokpa, ọjà ńlá Cotonou, tó sì ń sùn lọ́nà, ọkọ lè máa fura. Kí wọ́n fẹnu kò kó tó lọ: ilé ta ni ó máa sùn, ìgbà wo ló máa pè, ta ló máa mú ọmọ dé ilé ìwé, kí ni ọmọ máa jẹ lọ́jọ́ méjèèjì. Ìpè kan lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ tó. Ọkùnrin tó bá ń pè ní wákàtí-wákàtí, tó ń ní kó gbé fóònù fún onílé kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ìṣọ́ ló ń ṣe. Kò sì sí ẹni tí ìṣọ́ ń jẹ́ kó nífẹ̀ẹ́ olùṣọ́ rẹ̀. Kí ọkùnrin náà ní ọjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ayò tàbí bọ́ọ̀lù, láìjẹ́ pé ó máa bá ojú líle nílé. Ẹgbẹ́ ìyàwó, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà kí ọkọ tó dé. Àwọn kan ń gé ìyàwó kúrò lára gbogbo wọn ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ń pè é ní ìfẹ́, torí inú ìyàwó ń dùn pé ọkọ ò fẹ́ kí òun kúrò lójú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọdún àkọ́kọ́ yẹn gan-an. Ohun tí ẹ bá gbà níbẹ̀ á di òfin ilé, ó sì ṣòro kí a tó yí i padà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di lílu ara ẹni, ìdíwọ́ láti jáde, tàbí gbígba owó obìnrin pẹ̀lú agbára, ìwé kékeré àti agolo mẹ́ta kò lè tán an. Òfin kan wà lórí ìwà ipá sí obìnrin, Loi n° 2011-26, ti ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2012. Kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ní ìlú wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní CPS, tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ ilémoṣú dẹ́rù ba ọmọ yín kó fi kú síbẹ̀. Ọmọ ilé yín ni kó tó di ìyàwó ilé ẹlòmíràn.

Ìgbà wo ni kí a sọ gbogbo èyí? Ṣáájú ìdáàná ni, nígbà tí ojú ṣì ń dán, tí inú ẹnikẹ́ni ò tíì bàjẹ́. Kí àwọn méjèèjì jókòó nìkan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹbí má sí níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbèsè tí kálukú jẹ, torí gbèsè tí a fi pamọ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ owó ilé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ẹni tí kálukú ń bọ́: ìyá, àbúrò tó wà nílé ìwé, ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó sọ ìdá, àjọ, ilé, àti irú ètò dúkìá tí wọ́n máa yàn ní mérì. Kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò nígbà tí ọmọ bá dé, nítorí ọmọ tuntun ń dá ìyá dúró lẹ́nu òwò fún oṣù mélòó kan, ìdá tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí kò sì lè rí bákan náà mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ń pa ìfẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́: ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á fẹ́ mọ ohun tó ń dùn ọ́ àti ohun tí o kò lè gbà. Ẹni tó bá sá fún un nísinsìnyí, á sá fún un lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ tán, kí wọ́n fi ìyókù ayé ṣe faaji ara wọn, kí ọkọ máa fi oríkì pe ìyàwó, kí wọ́n jọ jẹun, kí ìwé kékeré wà nínú àpótí títí oṣù mìíràn.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Ẹ tẹ apá òfin 2004 tó kan dúkìá tọkọtaya jáde ní Yorùbá tó já geere, kó tó di oṣù kejìlá tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀. Faransé ni wọ́n fi ń bi tọkọtaya ní irú ètò tí wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ ọ, wọ́n á wo ojú ara wọn, wọ́n á sì ní kí akọ̀wé kọ èyí tó bá wù ú. Bí ẹ bá lè tú ìbéèrè inú ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì sọ ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí bí ilé bá wà, bí gbèsè bá wà, bí ọmọ bá wà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀ fún àwọn ìyá wa lọ́jà, àwọn tí kò lè kà á á rí ẹni kà á fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, ní Kétu